Ìbéèrè Tí Dókítà Bi Mí Nípa Dorcas

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, 1988.

Oyèdèjì ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, iṣẹ́ ńkọ́? Èkó kò ní gbé ọ mì. Ara èmi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, dókítà ló sì bí mi nínú.

Láti oṣù kẹjọ ni Dorcas àbúrò rẹ kò ti fọwọ́ kan máṣìnnì ìránṣọ rẹ̀ mọ́. Kì í jẹun, kì í sùn, á kàn kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń ka búlọ́ọ̀kù. Ìyá rẹ ní ká lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà kékeré kan ló ń bi mí pé ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń rẹ́rìn-ín, ṣé àìsàn ọpọlọ wà nínú ẹbí wa. Mo wo ìka rẹ̀, kò sí òrùka. Ta ni kò mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ṣebí ohun tí àwa náà bi àwọn àna rẹ nìyẹn kí wọ́n tó fún ọ níyàwó! Mo ní ọmọ mi ń jẹun bí àgbẹ̀, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sí wèrè, kò sí wárápá ní ìdílé èmi Oyèlékè, tí mo fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ bíríkìlà, tí mo sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Ìyá rẹ ń fi ìgúnpá gún mi, mo rò pé inú rẹ̀ ló ń dùn. Dókítà ní bóyá àárẹ̀ lásán ni, ó fún wa ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Mo délé, mo ń retí alárenà.

Kò sí alárenà. Lọ́jọ́ Ajé, Dorcas ní ká gbé máṣìnnì òun fún Grace tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, pé òun kò ní lò ó mọ́ láyé. Ìyá rẹ figbe ta. A sáré padà. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, àìsàn gidi, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àsàsí, ó ní oògùn, ṣùgbọ́n yóò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ràn án, àti pé irọ́ mi ló fi àsìkò ṣòfò. Irọ́ èmi! Mo bi í pé ìgbà wo wá ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní dókítà ti bímọ méjì. Ọkùnrin tó níyàwó nílé, kí ló ń wá nínú ìdílé ọlọ́mọ?

Wọ́n dá Dorcas dúró sí ọsibítù, ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Dókítà fún mi ní fọ́ọ̀mù, ìbéèrè ọjọ́sí ló tún wà níbẹ̀.

Oyèdèjì, Àníkẹ́ ìyá mi kọjú sí ògiri fún odindi ìgbà òjò méjì. A ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Nígbà tí àwọn ẹbí ìyá rẹ wá ṣe ìwádìí, mo ní kò sí nǹkan kan. Ìyá rẹ kò mọ̀ títí dòní.

Mùílì awakọ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá, bá a padà bọ̀. Mú owó oògùn dání, mú bírò dání. Ọwọ́ mi tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò lè kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú fọ́ọ̀mù. Ìwọ ni kí o kọ ọ́, èmi á lọ sọ fún ìyá rẹ fúnra mi.

Ọ̀nà á là fún ọ. O kò ní bá òfo nílé.

Èmi bàbá rẹ,
Oyèlékè onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì.