Ojú Késárì Tí Kì í Gbó

Ọjọ́bọ̀, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Eccles, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá tí mò ń tọ́jú ò fẹ́ wo dígí lónìí nígbà tí mo fá irùngbọ̀n wọn tán. Tíṣà ìtàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí ère orí Késárì Ọ̀gọ́sítù tó wà lójú fèrèsé: "Arúgbó ló kú, àmọ́ gbogbo ère rẹ̀, ojú ọ̀dọ́ ni."

Késárì inú ìwé Lúùkù nínú Bíbélì yẹn náà! Orúkọ rẹ̀ ni oṣù tá a wà yìí ṣì ń jẹ́.

Mo ní, "Bàbá, lọ́dọ̀ tiwa, ojú àgbà la fi ń yangàn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò gba dígí.

Nínú bọ́ọ̀sì, òjò ń ṣàn lára gíláàsì, ó ń ṣe mí bíi pé ojú funfun ère yẹn ń bá wa lọ nínú omi, kò hunjọ rárá...

Fọ́tò ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo ṣì ń fi ránṣẹ́ sí Màámi l'Abẹ́òkúta. Tí wọ́n bá pe video, màá ní network ò dáa.

Mo ya tuntun lórí ìjókòó, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù àti ojú tó ti rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́.

Èsì wọn dé kí n tó sọ̀ kalẹ̀: "O ti wá ń jọ mí o, ọmọ mi."