Ọkọ̀ Orí Òkè Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o, ìwọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé Ajíṣefínní ọmọ rẹ ń jẹun, àbí iwájú dígí ló ṣì wà láti àárọ̀ dalẹ́? Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín, kí ó bo àṣírí yín, kí ó sì bo tèmi tí mo fẹ́ sọ yìí. Ara bàbá rẹ le, ewúrẹ́ ti bímọ, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O ti ibi iṣẹ́ dé, o bá bẹ́ẹ̀dì tí o tẹ́ fún mi nílé rẹ lófìfo, mi ò dágbére kí n tó sá padà wá sílé, mi ò sì gbé fóònù látìgbà náà, torí mo gbọ́ pé inú fóònù làwọn ọlọ́pàá ti máa ń wo ibi tí èèyàn sá sí. Inú ike ìyẹ̀fun ni mo jù ú sí, mo sì dé e pa kó má baà ríran. Jókòó kí o tó kà á síwájú. Ọmọ mi, mo ti pa èèyàn.

Ṣebí ìwọ lo ní kí n lọ ṣojú rẹ níbi ayẹyẹ ilé ìwé ọmọ rẹ, torí ọ̀gá rẹ kò fún ọ láyè. Mo wọ bàtà tuntun lọ. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé sọ ìtàn ibẹ̀ fún wa. Wọ́n ní nígbà tí ẹ̀yìn ìlú yín ṣì jẹ́ igbó, àwọn òbí ló gba ilé tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí, orí àpò sìmẹ́ńtì làwọn ọmọ ń jókòó kàwé, bí òjò bá wá wọlé, ìjókòó á di òkúta. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbà á, wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnikẹ́ni kì í sanwó mọ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí gbogbo èèyàn fi dákẹ́ tí wọ́n ń wò mí.

Wọ́n wá mú wa káàkiri ká rí ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́. Iṣẹ́ káfíńtà wà, aṣọ rírán wà. Níbi iṣẹ́ àgbẹ̀, àánú ṣe mí. Inú omi ni wọ́n gbin tòmátò sí! Ṣé ilẹ̀ ti wá tán lọ́dọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀ ni? Mo ti di iyẹ̀pẹ̀ àpò kan, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé e, bá mi fún wọn, má gbowó.

Yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ló bá tèmi jẹ́. Orí òkè kẹta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ni. Ọkọ̀ náà kò ní táyà, kò ní ilẹ̀kùn, àmọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀ fẹ̀, ó ń tàn bí tẹlifíṣọ̀n, títì sì wà níbẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Bí wọ́n ṣe gbé títì gba òkè kẹta kò yé mi, mo kàn ní ìlú ńlá nìyẹn. Tíṣà wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ní kí Màmá wá dán an wò. Ajíṣefínní ń fà mí láṣọ, mo ní kó fi mí sílẹ̀, mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ kí n tó bí ìyá rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ báyìí, títì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ wá bá mi. Ọkùnrin aláṣọ búlúù kan gbé búrẹ́dì dání, ó ń sọdá. Mo pariwo pé kó sá. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ wojú mi. Gbàù! Gíláàsì pọ́n kuku. Àwọn ọmọ wá ń rẹ́rìn-ín! Tíṣà ní kò sí wàhálà, ó ní bí gbogbo wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ló bá tẹ bọ́tìnnì kan, ọkùnrin náà tún yọ, pẹ̀lú aṣọ búlúù rẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ìbejì ni wọ́n, ìyá wọn ló rán ìkejì pé kó wá wo ohun tó dá ìkíní dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n bá a sọ̀rọ̀, ni ọmọkùnrin kan bá bọ́ sórí ìjókòó, ó gbá òun náà. Ẹnì kẹta tún yọ! Mo fẹsẹ̀ fẹ, ẹsẹ̀ bàtà mi kan wà lórí àtẹ̀gùn yẹn dòní.

Bàbá rẹ ti kó ẹní lọ sí pálọ̀, ó ní òun ò lè bá apànìyàn sùn. Àmọ́ mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé tó ń sọ fún télọ̀ pé ìyàwó òun ti ń wakọ̀ nílùú ńlá.

Ọmọ mi, tèmi kọ́ ló ká mi lára. Bá mi wá ìyá àwọn ọkùnrin yẹn. Èmi náà bímọ, mo mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá ń wọ̀nà. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti bàtà kún un, kí n wá kúnlẹ̀ fún un fúnra mi. Bí wọ́n bá fẹ́ tì mí mọ́lé, kí wọ́n tì mí. Ṣùgbọ́n má dúró dè mí o, lọ bá a lónìí yìí. Ní kó ti àwọn tó kù mọ́lé ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n fara da ebi, torí Ajíṣefínní ní ọjọ́ náà ló kan òun láti wakọ̀.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ lọ, á pa ọ́ mọ́ bọ̀, wàá jẹun ọmọ pẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di Ọjọ́bọ̀, jọ̀ọ́, gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá rẹ ni.