Kéèkì Àwọn Tó Ń Gbé Lókè

Marlys, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Ṣikágò kò mú ọ jù? Àwa náà ń bẹ níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àgbàdo ti wọ àká tán, oko ti ṣófo títí dé ibi tí ojú lè ríran dé, màlúù pupa yẹn sì ti bímọ. Àràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà fún ọ, pàápàá nítorí àpótí tó ń gbé ọ lọ sí àjà kejìlélógún tí ò ń gbé. Jọ̀wọ́, má wọ inú rẹ̀ bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, kó má baà rẹ àpótí náà lójú ọ̀nà.

Bàbá rẹ wà. Kò tíì dárúkọ rẹ láti ìgbà tó ti ní ọmọ tó bá fi oko sílẹ̀ lọ jókòó sí ọ́fíìsì, kó má pe òun ní bàbá mọ́. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra, àmọ́ ọwọ́ òsì Orval bàbá rẹ yìí, àfi bí ẹni pé ó sùn lọ. Ó ń dùn mí, Marlys, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ra ìyẹ̀fun kéèkì ṣokoléètì inú páálí, kí n lè yan kéèkì lọ síbi oúnjẹ àjọjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹ̀fun náà ti mọ gbogbo nǹkan, ẹyin, òróró àti omi nìkan ló ń béèrè. Mo yí páálí sẹ́yìn, mo bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ń gbé ibi gíga, kó fi ìyẹ̀fun àti omi díẹ̀ kún un. Omi bọ́ lójú mi. Àwọn tí kò mọ̀ wá rí, wọ́n rántí ọmọ mi! Dagny, ìyàwó pásítọ̀, tó wá mu kọfí lọ́dọ̀ mi, rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i láṣọ, ó ní àwọn ará orí òkè ni wọ́n ń bá wí. Mo ní òkè wo ló ní àjà méjìlélógún?

Bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún ni mo ṣe é. Nígbà tó jáde nínú ààrò, mo fi ìdí ṣíbí onígi gún un ní ihò káàkiri, mo da wàrà dídùn inú agolo sí i, ó sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń mu òjò. Mo jókòó tì í. Ìrọ̀lẹ́ ti ń pọ́n lójú fèrèsé, òórùn ṣokoléètì gba gbogbo ilé, ó wá ń ṣe mí bíi pé ilé náà rọra gbéra nílẹ̀, tó ń lọ sókè, sókè, títí mo fi rí ọ lójú fèrèsé tìrẹ, tí o wọ súẹ́tà aláwọ̀ ewé, tí ò ń fọ ife. Mi ò sùn o.

Bàbá rẹ wọlé láti ibi tó ti ń fún wàrà, ó gé kéèkì jẹ, ó ní kí ló dé tí eléyìí le báyìí. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé Marlys nìyẹn, lókè lọ́hùn-ún. Orúkọ rẹ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo rò pé yóò dìde kúrò nídìí tábìlì. Kò dìde. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gé òmíràn, ó fi ìka ṣa èérún rẹ̀ jẹ. Ó wá ní, láìwo ojú mi, “Ìyá, ṣé ó lè rí wa láti ibẹ̀?”

Mo ní bí ojú ọjọ́ bá mọ́, kí ni yóò dí i lọ́wọ́, ṣebí ilẹ̀ ibí tẹ́jú. Ó dé fìlà, ó jáde. Kéèkì náà kò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, èso ápù ni mo gbé lọ.

Ọmọ mi, Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibi gíga kò ní jẹ́ kí o já bọ́. Wàá pẹ́ fún wa, ilé yóò máa tù ọ́ lára. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún iná mànàmáná. Bàbá rẹ, tó máa ń pa iná mọ́ mi lórí oúnjẹ, ti gun orí ilé màlúù, ó so gílóòbù ńlá mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á. Ó ní nítorí àwọn màlúù ni. Àwọn màlúù ń sùn, Marlys. Apá ìwọ̀ oòrùn ni kí o máa wò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Leona