Ìgbẹ́ Mi Dá, Ikùn Mi Wú

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bàrígà. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí àbúrò mi Ṣẹ́gun, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí nínú ìwé ìròyìn. Kó má fo ibi tí ojú bá ti ń tì í o.

Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé wá mu àgbo jẹ̀dí. Màmá, mi ò bọ̀.

Ẹ mọ̀ pé ìwé ni mo ń dì nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ tó ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá a jáde. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní jẹ̀dí ni, pé mo fẹ́ràn ṣúgà jù. Mo mu àgbo tí ẹ fi ránṣẹ́ tán, kàkà kó sàn, ibà ló dé. Iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wà nílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀gá mi gba ẹlòmíì. Ni mo bá lọ ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró ní kẹ́mísì kan ní Fádèyí.

Ó dá lóòótọ́. Mo pè yín, ẹ kọrin ọpẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ikùn mi ń wú, ó le bí ìdì pépà, àyà mi sì ń sáré. Mo dá dùbúlẹ̀ ní yàrá, mò ń rò ó pé mi ò ní rí yín mọ́. Ẹ̀rù bà mí, Màmá. Ìyá Rìsíkà, tí yàrá wa jọ kọjú síra, ló gbé ẹ̀kọ wá fún mi, tó rí ikùn náà, tó sì fà mí lọ sí ọsibítù.

Mo ń fọ́nnu fún dókítà obìnrin tó yẹ̀ mí wò pé ìgbẹ́ ti dá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ikùn mi jẹ́jẹ́, mo ké.

"Dídá tó dá yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ló wí.

Wọ́n ya fọ́tò inú mi. Ìfun ńlá ti fẹ̀ bíi táyà tí wọ́n fẹ́ jù. Ó ní egbò ló kún inú rẹ̀, pé oògùn tí mo rà ló dá kún un, pé bó bá bẹ́, ó lè la ikú lọ. Wọ́n fa omi àti ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì ń ṣọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run ṣe é, ikùn náà rọ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ.

Ẹ̀gbọ́n yín ní ayé ló ṣe mí. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe ayé, kì í sì í ṣe ṣúgà. Àìsàn egbò inú ìfun ni, ó ní oògùn, mo sì ń lò ó. Ojú ò tì mí. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kó má jókòó ti ìgò àgbo. Bí ìgbẹ́ náà bá dá tí ikùn wá ń wú, kó sáré lọ sí ọsibítù.

Mo ti padà síbi iṣẹ́. Ìgò yín, mo ti fọ̀ ọ́, epo ẹ̀rọ tí a fi ń gé pépà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa bọ̀, kí ẹ wá fọwọ́ tẹ ikùn mi wò.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Mo kí gbogbo ilé.

Èmi ọmọ yín, tí ẹ kò ní í sin,
Mọ́rẹ́nikẹ́