Sóyà tí Má-Sáré Gbìn

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Ilé-Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kọkànlá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ara ńkọ́? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? O ṣeun tó o pè mí lọ́jọ́ tá a sin ọkọ mi. Ẹkún ni mo fi dá ọ lóhùn, n kò lè sọ bó ṣe jẹ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí.

Látìgbà tí ọkọ mi, Má-Sáré, ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Ló bá ro ẹ̀yìnkùlé, ó ní ẹ̀wà sóyà lòun ó gbìn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún di sítíárìn mú fẹ́ di àgbẹ̀ lọ́sàn-án kan. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n hù, wọ́n dorí kodò bí ọmọ tó jẹ̀bi. Ó pariwo pè mí, "Aránṣọ, wá wò ó! Wọ́n ti jí!"

Òdòdó wọn, elésè àlùkò kéékèèké, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n so, ojoojúmọ́ ni mo ń já èso kan lọ fún un, onírun múlọ́múlọ́, á sì fi ọwọ́ kan tó kù tó ń ṣiṣẹ́ tẹ ọmọ inú rẹ̀ wò.

"Kò tíì gbó," á ní. "Bí ewé bá pọ́n tó já bọ́, má bẹ̀rù, kò kú. Mì ín sétí rẹ. Bó bá ń ró, gé e láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Bó o bá pẹ́, á bẹ́ dànù."

Lọ́jọ́ kan ó rẹ̀ mí, mo jágbe mọ́ ọn pé ara rẹ̀ ni kó tọ́jú, kó fi sóyà sílẹ̀. Ó kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ni nọ́ọ̀sì ti pàdé mi. Ọ̀rẹ́ mi, ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí tí mo jù sílẹ̀ yẹn, ta ni yóò bá mi kó o?

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò ṣí fèrèsé ẹ̀yìn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbọ́ pà, pà, bí ẹni ń fọ́ igi wẹ́wẹ́. Mo sáré jáde. Ewé ti tán lára sóyà, èèpo ń là nínú oòrùn, ó ń ta ọmọ ká ilẹ̀. Mo figbe ta.

Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ tíṣà sáré bá mi. "Màmá, kí ló dé?"

"Ó ti gbó! Mo jókòó síbẹ̀, ó ti gbó!"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án nísìnyí. Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀, kí ìrì mú un rọ̀."

Àárọ̀ la gé e, a sá a, a pa á, a fẹ́ ẹ. A kúnlẹ̀ ṣa èyí tó ti bọ́ sílẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ló ṣòfò. Ìyókù kún àpò kan. Mo di ẹnu rẹ̀, láìronú, mo gbójú sókè sí ilé, mo ké pé, "Má-Sáré, wá bá wa gbé e o!"

Ọmọ mi gbé atẹ́ sílẹ̀, ó wá di ìdí àpò mú. Àwa méjèèjì la gbé e wọlé.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bí àyè bá yọ, má wulẹ̀ fèsì lẹ́tà yìí. Ṣáà máa bọ̀.

Tìrẹ ni mo jẹ́,
Aránṣọ.