Mo Bá a Fọwọ́ Sí I

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Oṣù mẹ́ta géérégé tí mo ti di ọ̀gá ilé ìfọṣọ yìí. Òṣìṣẹ́ 22. Ẹ̀rọ 9, méjì ń jò. Aṣọ ilé ìwòsàn mẹ́ta là ń fọ̀ — aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì 1,400 lónìí nìkan. Oorun tí mo sùn: wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ mi ní mo tún ń ka nọ́ńbà lójú oorun. Ó ní, "Ta lò ń bá ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀ yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Òòyì kọ́ mi nídìí ẹ̀rọ kẹrin. Mo di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, ó gbóná, ó bó mi lọ́wọ́. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì kan, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. 168 lórí 104. Ó tún un wọ̀n, bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń purọ́. 170. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ máa ń ṣe bíi pé irin ni wọ́n fi ṣe yín." Ó ní kí n máa dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, ogún ìṣẹ́jú péré.
Níbo? Ibi kan ṣoṣo téèyàn lè nà sí níbi iṣẹ́ wa ni bẹ́ǹṣì ìsàlẹ̀, nínú yàrá tí à ń kó aṣọ pamọ́ sí. Mi ò lè dùbúlẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Oorun: wákàtí méjì.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kí n kúkú kọ ọ́ síbí. Kò sẹ́ni tó máa kà á.
Bàbá Pẹ̀lẹ́ ló ṣe ọ̀gá ṣáájú mi — "pẹ̀lẹ́" ló fi ń kí gbogbo èèyàn, títí kan ẹ̀rọ. Èmi ni igbákejì rẹ̀. Òfin ni pé kí ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àgbá omi gbígbóná ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó gòkè, kó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi kọ́ sára ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́. Bàbá máa ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá gòkè tán. Mo bá a ṣe ìṣirò: ìṣẹ́jú mẹ́fà ni lílọ bíbọ̀ kan. Tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, tí èmi ń bá a fọwọ́ sí méje yòókù, ó ti jèrè ìṣẹ́jú 42. Ó ní, "Orí ẹ pé o, ọmọ yìí." Ìfọwọ́sí rẹ̀ kò le: ìlà kan, àmì méjì. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é.
Lọ́jọ́ kan, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ ní aago 10, mo bá a fọwọ́ sí aago 11. Aago 12. Aago 1. 2. 3. 4. Ọ̀fíìsì ń wá a. Wọ́n wo ìwé, wọ́n ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè ni, ó wà láyìíká." Aago 5 kọjá la tó rí i nísàlẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti kú. Dókítà ní ó jọ pé nǹkan náà ti kọ lù ú kí aago 11 tó lù, àmọ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ pẹ́ kó tó bọ́.
Mo bá a fọwọ́ sí i. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ẹnu-ò-dákẹ́ — igbákejì tèmi nìyẹn, orúkọ ti ṣàlàyé ara rẹ̀ — ó ní, "Ọ̀gá mi, ojú yín pọ́n bí ẹni fi ata bọ́jú. Ẹ jókòó jàre, mo ti bá yín fọwọ́ sí aago 12."
Oore ló rò pé òun ṣe. Mo já ìwé náà, mo ya á.
Ó ní, "Ìwé ni mo kọ nǹkan sí o, mi ò ta ilé yín." Àwọn tó ń lọ aṣọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín díẹ̀. Mo gbé ìwé tuntun kọ́ sára ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mi ò sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Bàbá Pẹ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, ìṣẹ́jú 50, kí n lè máa to ọ̀rọ̀ náà. Màmá ń ká aṣọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn — 11, 12, 1, n ò fo ìkankan. Wọn ò dá aṣọ kíká dúró.
Wọ́n ní, "Ìwọ ni ọmọ oníṣirò yẹn?"
Wọ́n ní Bàbá máa ń sọ ọ́ nílé pé ẹnì kan ń bá òun dúró lókè kí òun lè fẹ̀yìn lélẹ̀ nísàlẹ̀. Pé oorun gidi tí òun ń sùn kò ju ìṣẹ́jú 42 yẹn lọ. Wọ́n ní, "O ṣeun."
Mo ti múra sílẹ̀ de èpè. Mi ò múra sílẹ̀ de ọpẹ́. Kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ rárá.
Nígbà tí mo dìde, wọ́n wo ojú mi fínnífínní. "Ìwọ ńkọ́? Tó o bá ṣubú lọ́la, wákàtí mélòó ni wọ́n máa lò kí wọ́n tó mọ̀?"


Ọjọ́ Ajé, 10
Aago 8, mo pe gbogbo wọn jọ. Mo sọ fún wọn: ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fọwọ́ sí i fún Bàbá Pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ tó kú.
Mo ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i mọ́. Àyè tó bá ṣófo, ẹ má ṣe dí i. Ẹ wá èèyàn náà lọ.
Ọ̀fíìsì á ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣírò ìyẹn náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ọ̀fíìsì ò tíì pè mí.
Aago 11, mi ò fọwọ́ sí i. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ara ògiri lọ́ wọ́ọ́rọ́, àgbá wà lẹ́yìn rẹ̀. Oorun ò wá. Mo ń wo àjà — ohun tí Bàbá Pẹ̀lẹ́ wò kẹ́yìn nìyẹn.
11:04. Mo gbọ́ ohùn lókè: kò fọwọ́ sí i o, kò fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀, lórí àtẹ̀gùn. Ohùn Ẹnu-ò-dákẹ́ ló ṣáájú: Ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi.
Mo jẹ́ kí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dáhùn. Ó yẹ kí yàrá yẹn gbọ́ ìpè tí ẹnikẹ́ni ò pe Bàbá lọ́jọ́ yẹn.