Ilé Wa Náà Ti Wọ Aṣọ Àgùntàn

Hafod Lwyd,
Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá.

Lleucu ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Non ọmọ-ọmọ mi ní ìlọ́po ìlọ́po. Ṣé ara ọmọ ti le? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹran wa nínú yìnyín lórí òkè níbí, òun náà ni yóò máa ṣọ́ yín ní Cardiff, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ, iṣẹ́ yín ò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ yín. Ara èmi náà le, àfi orúnkún tí o mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Láti ìgbà tí o ti gbé Non kúrò níbí ní Kérésì tó kọjá, tí ọmọ ń wúkọ́ tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, tí o sì sọ pé ọmọ rẹ ò ní sùn nínú ilé yìí mọ́ àfi tó bá gbóná, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. O ní kí n ta ilé, kí n wá máa gbé inú yàrá orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí yín. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé yàrá ẹ̀yìn ni Non máa sùn sí ní Kérésì yìí, dandan ni kí ilé yìí gbóná, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Mo wá ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin kan láti ìjọba ìbílẹ̀, lára àwọn tó ń wo bí ilé ṣe ń fi ooru ṣòfò. Ó mú ẹ̀rọ ayàwòrán kan dání tí kì í ya ojú ènìyàn, ooru ló ń yà. Ó ya ilé wa láti ojúde, ó fi hàn mí, gbogbo òrùlé pupa fòò. Mo ti gbé garawa omi kó tó dì mí mú. Ó ní iná kọ́, ooru tí mo fowó rà ló ń gba orí òrùlé jáde lọ. Ó tún ní ògiri òkúta wa ń mí, kí n má fi sìmẹ́ǹtì dí i nímú, ẹfun ni kí n fi rẹ́ ẹ. Nígbà tó lọ tán, mo fi etí lé ògiri ilé ìdáná títí, mi ò gbọ́ èémí kankan, ṣùgbọ́n ògiri àgbàlagbà ni, bóyá díẹ̀díẹ̀ ló ń mí.

Kó tó lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ ya àwọn àgùntàn tó dúró lẹ́yìn ọgbà náà. Lleucu, àgùntàn ò pupa! Ojú àti ẹsẹ̀ wọn nìkan ló pupa, gbogbo ara yòókù dúdú bí aró. Ọmọbìnrin náà ní irun wọn ni kò jẹ́ kí ooru jáde. Mo wo àgùntàn, mo wo ilé, mo ní háà! Ẹran tó ń sùn nínú òjò, tí kò sanwó epo ìdáná fún ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ móoru ju ti èmi tí mo ni ín lọ. Bẹ́ẹ̀ irun tí a rẹ́ lára wọn wà ní abà tó ń jẹra, torí ohun tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ ò tó epo ọkọ̀ tí a ó fi gbé e dé ọjà. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọjọ́ kejì ni mo gun orí àjà, mo tẹ́ irun náà síbẹ̀ bó ṣe bọ́ lára àgùntàn gan-an, tọ̀rá tìgbẹ́, torí mo rò pé báyẹn ni àgùntàn náà ṣe ń wọ̀ ọ́. Ilé gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn! Mot ajá wa rò pé agbo ẹran ti gun àjà, ó jókòó sí ìdí àkàbà, ó ń gbó, ó ń retí kí n jẹ́ kóun lọ dà wọ́n wálẹ̀, kò jẹun, kò sùn. Gwilym aládùúgbò wa dé, ó di imú, ó ní ṣé èmi àti àgbò ti jọ ń gbé ni, pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ mi máa já sí nìyẹn. Mo ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Mo pe ọmọbìnrin ìjọba, ó ní bàbá, ọgbọ́n yín dára o, ṣùgbọ́n ẹ kó o wálẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi oògùn kòkòrò sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kòkòrò á ti jẹ ẹ́ tán kí ọmọ yín tó dé.

Èmi nìkan ò lè fọ gbogbo rẹ̀ kí Kérésì tó dé. Ojú ń tì mí láti ké sí ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. O mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é lórí òkè yìí, oko kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìrẹ́run tirẹ̀, gbogbo àdúgbò á pé láìgba kọ́bọ̀, onílé á bọ́ wọn yó, òun náà á sì lọ sí ti ẹlòmíràn. Mo wá ń lọ láti ilé dé ilé pé mo fẹ́ ọjọ́ kan sí i. Wọ́n ní ta ló ń rẹ́run àgùntàn nínú òtútù, ṣé mo fẹ́ pa wọ́n ni? Mo ní a ò bọ́ aṣọ lára ẹnikẹ́ni, ilé ni a fẹ́ wọ̀ láṣọ kí Non lè wá sùn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè nǹkan mìíràn. Gwilym tó ń di imú ló kọ́kọ́ dé, tòun tọṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́.

A fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ kó gbẹ, ni olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa bá ṣí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a sá irun sórí gbogbo àga, títí kan ti àwọn akọrin. Ó ní ó ti pẹ́ tí àgùntàn ti kún ilé Ọlọ́run tó báyìí. Nígbà tó gbẹ, a fi oògùn kòkòrò sí i, a sì tún tẹ́ ẹ sórí àjà. Beti, opó tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkè, ló rán aṣọ tí a fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ tí o pè mí, tí mo dédé na fóònù sókè sí àjà, mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe gbóná tó ni. O ní èémí mi nìkan lo gbọ́. Ó jọ pé wọn ò tíì ṣe fóònù tó ń gbé ooru.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra itan ẹlẹ́dẹ̀, torí àwọn tó wá fọ irun ti jẹ ti Kérésì tán, wọ́n sì fi búrẹ́dì nu àwo. Má fi ránṣẹ́ nínú fóònù o, mi ò tíì rí ihò tí owó ń gbà jáde lára tèmi. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ, ọwọ́ tó ń fúnni ò ní ṣófo.

Lánàá ni mo sùn sórí ibùsùn Non láti dán an wò. Yìnyín bọ́, ìjì jà, mo bọ́ fìlà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo tún bọ́ súwẹ́tà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí omi dídì lójú fèrèsé nínú ilé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi síbí. Mo jókòó sétí ibùsùn, inú mi dùn, mo wojú ọ̀tún, mo wojú òsì, kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún. Ilé ti gbóná, ọmọ mi. Ẹ̀yin tí mo tìtorí yín mú un gbóná ni kò sí níbẹ̀. Gbé ọmọ náà wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Iorwerth.